Báwo ni họ́kì orí yìnyín ṣe máa ta gbòǹgbò láàárín àwọn ọmọbìnrin Éṣíà? Ẹ bá mi dá sí i

ÌyáMorẹ̀mí_Brampton

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìpàdé kan ń bọ̀ ní Sátidé tí wọ́n ti ní kí èmi náà wá sọ̀rọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ pa mí lẹ́nu mọ́ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síbí.

Brampton la ń gbé, lẹ́bàá Toronto ní Kánádà. Àwọn Púńjábì láti Íńdíà pọ̀ gan-an ládùúgbò wa, àwọn ará Fílípínì àti Sri Lanka náà wà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti ń gbá họ́kì orí yìnyín láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún méje. Nínú kíláàsì rẹ̀ níléèwé, àwọn ọmọ tí òbí wọn wá láti Éṣíà lé ní ìdajì. Ẹ wá wo yàrá tí wọ́n ti ń wọ bàtà ní pápá yìnyín: ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà níbẹ̀, méjì péré ló jẹ́ ọmọ Éṣíà. Àwọn ọmọkùnrin Púńjábì ń gbá a o. Àwọn àbúrò wọn obìnrin ló ń jókòó ti ìyá àgbà lórí àga, tí wọ́n ń jẹ sàmósà, tí wọ́n ń wo ẹ̀gbọ́n wọn láti ẹ̀yìn gíláàsì.

Àwọn alákòóso pápá ti rí i pé ó yẹ kí nǹkan yí padà, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n fẹ́ pe gbajúmọ̀ eléré kan wá lọ́jọ́ kan, kí àwọn ọmọ bá a ya fọ́tò, kí wọ́n pín fìlà. Tó bá di Mọ́ńdè, ọmọ tó ya fọ́tò yẹn kò ní bàtà onírin tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, ìyá rẹ̀ kò mọ ibi tí wọ́n ti ń yá a, kò sì mọ ẹni tó máa bi. Àkókò tí wọ́n fún àwọn ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́ ni, torí pé àwọn àgbà ọkùnrin ló gba ìrọ̀lẹ́. Ìyá wo ló máa gbé ọmọ ọdún mẹ́jọ jáde láago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́ nínú òtútù oṣù Kejì?

Ohun tí mo fẹ́ bèèrè fún kò ju mẹ́ta lọ: wákàtí tó jẹ́ ti àwọn ọmọbìnrin nìkan ní ojúmọmọ, bàtà àti akoto tí wọ́n lè yá lọ́fẹ̀ẹ́ fún sáà kan, àti obìnrin tó gbọ́ èdè ilé wọn lórí yìnyín pẹ̀lú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ní Éṣíà, ẹ sọ ohun tí ẹ fojú ara yín rí fún mi. Kí ló mú kó dúró níbi tó ti dúró?

Olùkọ́Eré_Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Ìyá Morẹ̀mí. Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí. Họ́kì orí koríko ni mo mọ̀, ó ti tó ọdún méjìlá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye díẹ̀ kí n tó dá sí i. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa ń fi ara gbá ara wọn mọ́ ògiri? Torí pé bí mo bá jẹ́ ìyá Púńjábì, ìyẹn nìkan ti tó kí n ní ọmọ mi kò lọ.

ÌyáMorẹ̀mí_Brampton

Olùkọ́, ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo òbí máa bèèrè nìyẹn. Èèyàn mẹ́fà ló ń wà lórí yìnyín fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, aṣọ́lé wà lára wọn. Abala mẹ́ta ni eré àwọn àgbà, ogún ìṣẹ́jú ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá, pọ́ọ̀kì ni, rọ́bà líle tó rí pẹrẹsẹ, kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ti ká fi ara gbá èèyàn mọ́ ògiri, ti àwọn ọkùnrin lẹ rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní ti àwọn ọmọbìnrin wa níbí, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ara kọlu ẹlòmíì, adájọ́ eré á lé e jáde fún ìṣẹ́jú méjì. Akoto wọn ní àwọ̀n irin tó bo ojú látòkè dé àgbọ̀n. Eyín ọmọ mi pé, ẹ má jáyà.

Ohun tó ń dun àwọn ọmọ jù níbẹ̀rẹ̀ ni ẹsẹ̀. Bàtà tí kò bá bá ẹsẹ̀ mu á bó ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ títí tí yóò fi sunkún, á sì ní òun ò lọ mọ́. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ bàtà kì í ṣe kékeré.

Ayọ̀délé_Sapporo

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Sapporo, ní erékùṣù Hokkaido ní Jàpáàn, ó di ọdún kẹrin báyìí. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi torí pé ibí gan-an ni ilé họ́kì obìnrin Jàpáàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn wọn díẹ̀, torí ó bá ohun tí ẹ ń wá mu.

Ọdún 1998, ní Nagano ní Jàpáàn níbí, ni họ́kì obìnrin kọ́kọ́ wọ ìdíje Òlíḿpíìkì. Ikọ̀ mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀. Jàpáàn tó gbàlejò pàdánù gbogbo eré rẹ̀ márààrún, Kánádà nìkan gbá góòlù mẹ́tàlá wọlé wọn, wọn ò rí ẹyọ kan dá padà. Lẹ́yìn ìyẹn, 2002 kọjá, 2006 kọjá, 2010 kọjá, wọn ò tún débẹ̀. Wọ́n padà ní 2014, ní Sochi, wọ́n tún pàdánù gbogbo rẹ̀. Ọdún 2018 ni wọ́n tó borí fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú Òlíḿpíìkì. Ogún ọdún gbáko! Nígbà tó di 2022 ní Beijing, àwọn ọmọ yìí kan náà ló ṣe ipò kìíní nínú ìsọ̀rí wọn. Wọ́n na Súwídìn 3-1, wọ́n sì wọ ìpele àwọn mẹ́jọ kí Fínlándì tó dá wọn dúró.

Kí ló gbé wọn débẹ̀? Ẹ wá sí Kushiro tàbí Tomakomai nígbà òtútù. Tomakomai jẹ́ ìlú iléeṣẹ́ bébà, iléeṣẹ́ yẹn sì ti ní ikọ̀ họ́kì ọkùnrin láti 1925. Eré yìí ti wọ inú ìdílé. Bàbá gbá a, ẹ̀gbọ́n gbá a, àbúrò obìnrin wọ bàtà tí ẹ̀gbọ́n ti dàgbà kọjá. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Kushiro sọ fún mi pé lóṣù Kejìlá, bàbá òun àtàwọn bàbá yòókù máa ń pàdé lóru lórí pápá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà omi. Wọ́n á fọ́n omi sílẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, wọ́n á dúró kó dì, wọ́n á tún fọ́n òmíràn lé e. Bí wọ́n bá da omi púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, yìnyín náà á wú, á sì là. Wọ́n á ṣe é bẹ́ẹ̀ lóròòru títí táá fi ki. Bí àwọn ọmọ bá jí láàárọ̀, pápá yìnyín ti wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì wọn, lọ́fẹ̀ẹ́. Tọkùnrin tobìnrin wọn ló ń bọ́ sórí ẹ̀.

Owó ò sí nínú ẹ̀ fún àwọn obìnrin náà o. Ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ Òlíḿpíìkì ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, alẹ́ ni wọ́n ń gbá họ́kì. Orúkọ ìnagijẹ ikọ̀ wọn ni Smile Japan. Mo ti wò wọ́n lójúkojú rí, ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ti ẹnu lásán.

Nítorí náà, Mọ̀mí, mo wà lẹ́yìn yín. Yìnyín tó súnmọ́lé, lójoojúmọ́, ló ṣe é.

Àkànní_London

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ má bínú, mo fẹ́ fi ojú mìíràn wò ó.

Ogún ọdún tí Ayọ̀délé sọ yẹn pọ̀ jù. Ọmọ tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ lónìí á ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ wo ohun tí Ṣáínà ṣe. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé Beijing máa gba Òlíḿpíìkì 2022, wọ́n wá àwọn ọmọ Ṣáínà tí wọ́n bí sí Kánádà àti Amẹ́ríkà, àwọn tó ti gbá họ́kì ní yunifásítì, wọ́n kó wọn wálé. Ní 2017 wọ́n dá ikọ̀ méjì sílẹ̀ ní Shenzhen, Kunlun Red Star àti Vanke Rays, wọ́n sì fi méjèèjì sínú líìgì àwọn obìnrin Kánádà. Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn náà, Kunlun dé àṣekágbá, àfikún àkókò ni ikọ̀ Markham ti Kánádà fi na wọ́n 2-1. Nígbà tó di Beijing, Ṣáínà na Dẹ́ńmákì 3-1, wọ́n sì na Jàpáàn yín yẹn gan-an 2-1 nígbà tí wọ́n gbá a dé ìtagbá àdáyanjú. Ọdún márùn-ún ni gbogbo ẹ̀ gbà.

Ọmọ kékeré nílò ẹni tó jọ ọ́ tó ń borí. Bí ọmọ Púńjábì bá rí obìnrin Púńjábì lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń gbá góòlù wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló máa fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí pápá. Torí náà mi ò ka fọ́tò yẹn sí nǹkan yẹpẹrẹ, Ìyá Morẹ̀mí.

Ayọ̀délé_Sapporo

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, òótọ́ ni wọ́n na Jàpáàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn náà dópin. Ní Nagano 1998 tí Jàpáàn ń jẹ ìyà yẹn, ipò kẹrin ni Ṣáínà ṣe, Fínlándì ló gba bàbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Kò sí ọmọ òkè òkun kankan nínú wọn nígbà yẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin Harbin ni agbára wọn ti ń wá, ìlú tí òtútù ti ń gé èèyàn jẹ. Guo Hong tó ń ṣọ́lé fún wọn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n láyé họ́kì obìnrin nígbà náà. Kí ló dé tí wọn ò fi lè débẹ̀ ní 2014 àti 2018? Àwọn tó dàgbà fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọdé tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò tó nǹkan. Kò sẹ́ni tó ń pọn omi sínú àmù.

Líìgì Kánádà tí ẹ sọ yẹn, wọ́n tì í pa ní 2019. Wọ́n ti pa ikọ̀ méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan nígbà náà, ọ̀kan yẹn ló lọ bá wọn gbá ní Rọ́ṣíà, ó tilẹ̀ gba ife ibẹ̀ ní 2020. Mi ò ní kí ẹ má yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ní 2026, ní Milan, Jàpáàn wà níbẹ̀, Ṣáínà ò sí.

Fọlákẹ́_Scarborough

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di Jàpáàn pẹ̀lú Ṣáínà. Ẹ jẹ́ kí n mú Kòríà wá, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Àkànní àti ti Ayọ̀délé ti pàdé.

Ní 2007, nínú ìdíje òtútù ti Éṣíà, Jàpáàn gbá góòlù mọ́kàndínlọ́gbọ̀n wọlé Kòríà Gúúsù. 29-0. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ẹ má bàa rò pé àṣìkọ ni. Àwọn ọmọbìnrin yẹn ò ní líìgì, wọn ò ní ikọ̀ iléèwé, ikọ̀ orílẹ̀-èdè nìkan ni ikọ̀ tó wà.

Nígbà tí Òlíḿpíìkì 2018 ń bọ̀ wá sí PyeongChang ní Kòríà Gúúsù, wọ́n gba akọ́nimọ̀ọ́gbá láti òkè òkun, Sarah Murray, wọ́n sì wá àwọn ọmọ Kòríà tó wà lẹ́yìn odi. Randi Heesoo Griffin wà lára wọn, ọmọ Amẹ́ríkà tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Kòríà. Marissa Brandt náà wà níbẹ̀, ọmọ tí ìdílé Amẹ́ríkà gbà tọ́, tó padà sí orúkọ tí wọ́n fi bí i, Park Yoon-jung. Lójijì, nínú oṣù Kìíní 2018, àwọn olóṣèlú ní kí Àríwá àti Gúúsù di ikọ̀ kan. Àwọn ọmọbìnrin Àríwá méjìlá dé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Márùndínlógójì ni gbogbo wọn, òfin sì ni pé mẹ́ta ó kéré tán láti Àríwá gbọ́dọ̀ wọṣọ nínú eré kọ̀ọ̀kan. Ó dun àwọn ọmọ Gúúsù. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rin jìyà kí àyè rẹ̀ wá lọ bẹ́ẹ̀, àbí kò ní dun ẹni náà?

Èdè ni ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀. Gúúsù ń lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti sọ di tiwọn fún nǹkan họ́kì. Àríwá ń lo ojúlówó Kòríà. Bí Gúúsù bá ń sọ pé «paesu» kí wọ́n ta pọ́ọ̀kì fún òun, ọ̀rọ̀ tí Àríwá ń lò túmọ̀ sí ká kàn sí ara ẹni. Wọ́n ní láti ṣe ìwé atúmọ̀ kékeré kí wọ́n tó lè bára wọn gbá a. Èdè kan náà o!

Nínú eré àkọ́kọ́, wọ́n na ikọ̀ àpapọ̀ yìí 8-0, nínú èkejì, wọ́n tún na wọ́n 8-0. Ẹ̀yìn ìyẹn, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì, wọ́n kojú Jàpáàn. Griffin gba pọ́ọ̀kì, kò tilẹ̀ gbá a dáadáa, ó kàn ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lọ lórí yìnyín, ó sì gba àárín ẹsẹ̀ aṣọ́lé kọjá. Góòlù àkọ́kọ́ tí ikọ̀ Kòríà gbá nínú họ́kì obìnrin Òlíḿpíìkì nìyẹn. Jàpáàn borí 4-1. Láti 29-0 sí 4-1. Mo ń wò ó nínú ilé mi níbí, mo sì sunkún bí ẹni pé Agége ni wọ́n ti bí Griffin.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nìyí. Lẹ́yìn tí àwọn oníròyìn ti lọ, ìlú Suwon dá ikọ̀ obìnrin sílẹ̀ lóṣù Kejìlá 2018, tó ń san owó oṣù fún wọn. Ní 2023, ní Suwon náà, Kòríà Gúúsù gba ipò kìíní nínú ìsọ̀rí wọn, wọ́n sì gòkè sí ìsọ̀rí tó wà lábẹ́ àwọn àgbà pátápátá. Ọjọ́ ńlá ló ṣílẹ̀kùn, òótọ́ ni. Owó oṣù Suwon ni kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà padé.

Àkànní_London

Fọlákẹ́, ti Suwon yẹn, mi ò gbọ́ ọ rí. O ṣeun. Mo gbà pé ẹni tó bá fẹ́ pe gbajúmọ̀ wá gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ṣùgbọ́n mi ò tíì fi ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ o: láìsí Griffin, kí ni Suwon máa rí gbá mú?

ỌmọÌkìrun_Delhi

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Delhi ni mo ti ń kàwé. Lóṣù Kìíní tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Ladakh, agbègbè olókè ní àríwá Íńdíà, mú mi lọ sílé wọn ní Leh. Ẹ̀yin ará, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ìlú náà ga tó nǹkan bí 3,500 mítà sókè, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni mo fi dùbúlẹ̀ nítorí orí fífọ́ àti èémí tí kò tó.

Ọjọ́ kẹta, a lọ síbi adágún kan. Aago méje àárọ̀ ni, oòrùn ò tíì yọ lórí òkè. Adágún náà ti dì pátápátá. Pákó tí kò ga ju orúnkún lọ ni wọ́n fi ṣe ògiri yí i ká. Obìnrin bíi mẹ́wàá wà lórí ẹ̀, wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá eruku àti yìnyín wẹ́wẹ́ kúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń so okùn bàtà onírin rẹ̀. Bàtà náà tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ló bá wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó fa okùn náà le tán, ó fi eyín di orí okùn mú kó lè fi ọwọ́ méjèèjì ta kókó, torí pé ìka rẹ̀ ti kú. Ó dìde, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fò lọ. Mo ní ó fò lọ! Bí ẹyẹ ni.

Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé àwọn ọmọ ogun ló gbé eré yìí dé Ladakh, pé ó pẹ́ tó fi jẹ́ pé bí àwọn ọkùnrin bá gbá a tán ni àwọn obìnrin tó lè bọ́ sórí ẹ̀, pẹ̀lú bàtà tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin yẹn náà. Yìnyín àdánidá yìí kì í ju bí oṣù méjì lọ lọ́dún. Síbẹ̀ inú ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ikọ̀ obìnrin Íńdíà ti jáde. Ní 2016 wọ́n lọ ìdíje Éṣíà wọn àkọ́kọ́, wọn ò borí ẹnì kankan. Kí wọ́n tó lè lọ Bangkok ní 2017, ojú íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti tọrọ owó lọ́wọ́ aráyé. Wọ́n na Fílípínì 4-3 níbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí ikọ̀ obìnrin Íńdíà borí nìyẹn. Ní 2025, ní Al Ain ní ilẹ̀ Emirates, wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ bàbà nínú ife Éṣíà.

Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ó ní ohun tó máa dùn mọ́ yín nínú ìtàn yìí. Oṣù Kìíní 2018, Hayley Wickenheiser, ìlúmọ̀ọ́ká láàárín gbogbo obìnrin tó ń gbá họ́kì ní Kánádà, wá sí Ladakh fúnra rẹ̀. Kì í ṣe fọ́tò nìkan ló wá yà. Ó kó irinṣẹ́ wá, ó bọ́ sórí adágún pẹ̀lú wọn, ó sì kọ́ wọn. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, àwọn obìnrin yẹn fúnra wọn ló ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ọmọ kan tí kò ju ọdún mẹ́fà lọ ń ti àga oníke kiri lórí yìnyín kó má bàa ṣubú, ẹni tó fi eyín so okùn yẹn sì ń yọ̀ sẹ́yìn-sẹ́yìn níwájú rẹ̀, ó ń fi èdè Ladakh pè é pé kó máa bọ̀.

Olùkọ́Eré_Ìbàdàn

Ọmọ Ìkìrun, o káre. Àga oníke yẹn, mo rí i kedere níwájú mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ mi kọ́ mi, Ìyá Morẹ̀mí, ẹ wò ó bóyá ó wúlò. Mi ò rí ọmọbìnrin kan tó fi họ́kì sílẹ̀ rí torí pé eré náà le. Wọ́n ń fi í sílẹ̀ ní ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́rìnlá, nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, tí kò sí ibi tí wọ́n ti lè pààrọ̀ aṣọ láìsí pé ojú ọkùnrin ń wò wọ́n, tí kò sì sí obìnrin tí wọ́n lè sọ fún. Ẹ béèrè yàrá ìmúra tiwọn. Ẹ fi kún mẹ́ta yín yẹn, kó di mẹ́rin.

Fọlákẹ́_Scarborough

Olùkọ́ sọ òótọ́ o. Mo sì fẹ́ rán Ìyá Morẹ̀mí létí ohun méjì tí ó lè sọ fún àwọn alákòóso yẹn, tó jẹ́ ti ibí gan-an.

Àkọ́kọ́, Vicky Sunohara, ọmọ Scarborough tèmi níbí. Ọmọ Kánádà tí ìdílé bàbá rẹ̀ wá láti Jàpáàn. Ó wà nínú ikọ̀ Kánádà tó gba wúrà ní 2002 àti 2006, ó sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn obìnrin ní Yunifásítì Toronto. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní i kó tó di ọmọ ọdún méje, bàbá náà sì kú. Ìyá rẹ̀ ló ń gbé e lọ láti ìgbà náà. Julie Chu náà wà ní Amẹ́ríkà, tí ìdílé bàbá rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ Ṣáínà. Òlíḿpíìkì mẹ́rin ló gbá. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àwọn obìnrin Éṣíà ò mọ eré yìí.

Èkejì, láti 2008 ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ họ́kì ní èdè Púńjábì lórí tẹlifíṣọ̀n ní Kánádà. Ẹ rántí bí Harnarayan Singh, ọ̀kan nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ eré náà ní Púńjábì, ṣe ń pariwo orúkọ eléré tó gbá góòlù wọlé, «Bonino! Bonino! Bonino!», ní 2016, gbogbo ayé ló ń pín in kiri. Àwọn ìyá àgbà tó ń jẹ sàmósà lórí àga yẹn mọ òfin eré yìí ju àwọn alákòóso míì lọ. Wọ́n ti ń wò ó ní èdè wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n rí bóyá ọmọ-ọmọ wọn obìnrin náà lè bọ́ sórí yìnyín. Lọ bi wọ́n, Ìyá Morẹ̀mí. Bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ kí o tó bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀. Ṣé bí a ṣe ń ṣe é nílé wa náà kọ́ nìyẹn?

Àkànní_London

Ìyẹn ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kà níbí. Ìyá Morẹ̀mí, bí ẹ bá máa ra bàtà àyálò, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Mo fẹ́ san owó bàtà mẹ́ta.

ÌyáMorẹ̀mí_Brampton

Ẹ̀yin ará, mo ti dé. Ẹ má bínú pé mo pẹ́, ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ ní ìpàdé. Mo sọ ti Suwon, mo sọ ti adágún Leh, mo ka ọ̀rọ̀ Olùkọ́ lórí yàrá ìmúra fún wọn bó ṣe kọ ọ́. Wọn ò gbà gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kò ṣeé fọwọ́ kàn, àwọn àgbà ọkùnrin ti sanwó ọdún. Ohun tí wọ́n fún wa ni ọjọ́ Àìkú, aago mọ́kànlá àárọ̀, wákàtí kan, títí sáà yìí fi máa parí. Wọ́n tún fún wa ní yàrá ìmúra kan, a ní kọ́kọ́rọ́ tiwa. Gbajúmọ̀ náà ṣì ń bọ̀, Àkànní, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà kó jẹ́ pé orí yìnyín ló máa wà fún odindi wákàtí kan pẹ̀lú wa, nínú oṣù tó ń bọ̀.

Mo gba ìmọ̀ràn Fọlákẹ́. Mo lọ bá ìyá àgbà kan tó máa ń jókòó ní ìlà kejì, tó máa ń wé ìborùn aláwọ̀ ewé. Ọmọ mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní Púńjábì, mo kúnlẹ̀ díẹ̀ bí mo ṣe ń kí i, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo ní, «Mọ̀mí, ọmọ yín yìí náà ńkọ́?» Ó wo ọmọ náà, ó wo yìnyín, ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé ní abúlé àwọn, òun ló yára jù láàárín àwọn ọmọ, tọkùnrin tobìnrin.

Àìkú àná ni a bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mẹ́sàn-án ló wá. Bàtà Àkànní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ọmọ-ọmọ ìyá àgbà yẹn ṣubú tó ìgbà méjìlá, mo kà á. Mo gbé àga oníke mẹ́rin wá láti ilé, Ọmọ Ìkìrun, ìwọ lo fà á. Morẹ̀mí tèmi ló ń yọ̀ sẹ́yìn-sẹ́yìn níwájú wọn. Ìyá àgbà kò jókòó rárá. Ó dúró ti gíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, ó ń pariwo ní èdè tí mi ò gbọ́.

Ẹ bá mi wá ẹni tó ń ta bàtà onírin àlòkù, nọ́ńbà kejìlá sí kejì ti ọmọdé. Ọmọ mẹ́rin míì ti fi orúkọ sílẹ̀ fún Àìkú tó ń bọ̀, méjì péré ló sì kù nínú àpótí.